Ṣé Áyódíìnì Ni, Àbí Edé?

Láti Tchatchou dé etí òkun ní Cotonou, ìrìn náà ju 350 kìlómítà lọ. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìwé yìí kò tíì fojú rí òkun rí. Síbẹ̀ òkun ń wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ yín. Edé gbígbẹ ń ti ìsàlẹ̀ wá nínú àpò, ó ń bá ọkọ̀ ẹrù kọjá Savè àti Tchaourou, ó ń dé ọjà wa. Àwọn ìyá wa ń rà á, wọ́n ń lọ̀ ọ́ mọ́ ata. Bí ẹ bá wo ìwé tí wọ́n fi di èròjà amọ́bẹ̀dùn mìíràn, ẹ ó rí àwòrán edé lára rẹ̀. Ti odò tiwa náà wà níbẹ̀: akàn tí àwọn ọmọkùnrin ń mú lábẹ́ òkúta.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ọmọbìnrin kan tó wà ní CE2. Wọ́n ń ṣe ìkómọ ní àdúgbò wọn, ó sì jẹ iyán pẹ̀lú ọbẹ̀ tí edé pọ̀ nínú rẹ̀. Kí wọ́n tó fọ àwo tán, ètè rẹ̀ ti wú. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, kókó pupa sì yọ káàkiri àyà àti apá rẹ̀. Ó bì. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀fun mi ń há.” Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò dúró béèrè nǹkan kan. Ó pe zemidjan, ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì sì gún un lábẹ́rẹ́ ní itan kíákíá. Kò pẹ́ tí èémí rẹ̀ fi já geere.

Nígbà tí wọ́n padà délé, ìyá àgbà kan ní àdúgbò sọ pé, “Áyódíìnì tó wà nínú edé ló bá a jà. Ẹ má jẹ́ kí áyódíìnì kàn án mọ́.” Ni wọ́n bá da iyọ̀ oní-áyódíìnì nù, wọ́n lọ ra òmíràn tí kò ní in. Lọ́jọ́ kan ọmọ náà ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó. Bí nọ́ọ̀sì ṣe fẹ́ fi Bétadine, oògùn ojú egbò tó pupa rúsúrúsú, nu ún, ìyá rẹ̀ di nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mú. Ṣùgbọ́n èròjà amọ́bẹ̀dùn tí àwòrán edé wà lára rẹ̀, òun ṣì ń wọ inú ọbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ṣé ẹ rí i? Ohun tí ara ọmọ náà nílò ni wọ́n lé jáde. Ohun tó fẹ́ pa á ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú ilé.

Kí ni áyódíìnì, tí àwọn Faransé ń pè ní iode? Ní ọdún 1811, ọkùnrin ará Faransé kan tó ń jẹ́ Bernard Courtois ń fi eérú koríko òkun ṣe iṣẹ́. Ó da ásíìdì tó lágbára sí i, ó sì rí i tí èéfín aláwọ̀ àlùkò tó dára gan-an gòkè. Nígbà tí èéfín náà tutù, ó di ègé dúdú tó ń dán. Nǹkan yẹn ni áyódíìnì. Ó pọ̀ nínú òkun, nínú koríko òkun àti ẹja òkun. Ní ilẹ̀ tó jìnnà sí òkun, kì í sábà pọ̀ nínú erùpẹ̀, nítorí náà kì í pọ̀ nínú iṣu àti àgbàdo ibẹ̀ pẹ̀lú.

Níwájú ọrùn yín, ẹ̀yà ara kékeré kan wà tó rí bíi labalábá tó na ìyẹ́ rẹ̀. Áyódíìnì ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń mú kí ọmọdé dàgbà, kí ọpọlọ rẹ̀ sì jí pépé. Bí kò bá rí áyódíìnì tó, á máa wú bó ṣe ń wá a kiri, ohun tí à ń pè ní gègè nìyẹn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò rí áyódíìnì tó nígbà oyún lè bá ìnira ẹ̀kọ́ pàdé ní gbogbo ayé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ara ń béèrè kò tó nǹkan! Fún ọmọ ọdún 6 sí 12, 120 máíkírógíráàmù ni lójúmọ́. Bí ẹ bá kó gbogbo èyí tí ènìyàn jẹ láti ìgbà ọmọdé títí di arúgbó jọ, kò ní kún ṣíbí kékeré kan. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pò ó mọ́ iyọ̀. Ilẹ̀ Switzerland, tí òkun kò sí ní sàkáání rẹ̀ rárá, bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sínú iyọ̀ ní ọdún 1922, Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1924.

Bí olùkọ́ yín bá gbà, ẹ lè fi ojú ara yín rí áyódíìnì bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ gé iṣu tútù pẹlẹbẹ kan, kí olùkọ́ kán ẹ̀kán Bétadine kan sí i. Iṣu náà á dúdú bí aṣọ aláró, nítorí áyódíìnì ti pàdé sítáàṣì inú iṣu. Ẹ má jẹ iṣu náà o. Bí ẹ bá wọ́n iyọ̀ sórí òmíràn, kò ní yí àwọ̀ padà. Ẹ má tìtorí ìyẹn sọ pé kò sí áyódíìnì nínú iyọ̀ yín. Irú tí wọ́n pò mọ́ iyọ̀ yàtọ̀ sí ti inú ìgò, ó sì kéré gan-an.

Nísinsìnyí ẹ bi ara yín léèrè: gbogbo ènìyàn tó wà láàyè ló ní áyódíìnì nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òun ni ara ọmọ náà kọ̀, báwo ni ó ṣe ṣeé ṣe fún un láti wà láàyè di CE2? Ẹ tún wo akàn odò. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ akàn òkun kò gbọ́dọ̀ fọkàn tán akàn odò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi odò kì í ní áyódíìnì bíi ti òkun. Ọ̀pọ̀ ẹni tí edé ń yọ lẹ́nu sì ń jẹ ẹja òkun láìsí wàhálà, tó sì jẹ́ pé áyódíìnì wà nínú ẹja náà.

Ta wá ni ọ̀daràn náà? Purotéènì kan ni, inú ẹran ara edé àti akàn ló wà, orúkọ rẹ̀ sì ni tropomyosin. Ní ọdún 1993 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé òun ni olórí ohun tí ara ń bá jà nínú edé. Iná kò pa á. Ẹ sè é, ẹ yan án, ẹ sá a gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ó ṣì wà níbẹ̀. Ooru tó ń jáde lára ìkòkò edé nìkan lè yọ ẹlòmíràn lẹ́nu. Ìgbín àti ìṣáwùrú ní irú tiwọn, kódà aáyán àti kòkòrò tíńtìntín inú eruku ní in. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí edé ń bá jà ni ìgbín ń bá jà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó jẹ ẹ́.

Ara wa ní àwọn ẹ̀ṣọ́, bí ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Iṣẹ́ wọn ni láti lé àrùn. Nígbà mìíràn wọ́n á ṣi àlejò mú bí olè. Wọ́n á pariwo, wọ́n á da gbogbo àdúgbò rú nítorí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Dókítà ará Austria kan, Clemens von Pirquet, ló sọ irú nǹkan yìí ní àlẹ́jì ní ọdún 1906. Àwa náà mọ ohun tó ń jẹ́ èèwọ̀. Èèwọ̀ ilé, àwọn àgbà ló ń sọ ọ́ fún wa. Èèwọ̀ ara yàtọ̀: ara fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́, kò sì sí ètùtù tó ń mú un kúrò.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ. Ní ọdún 1901, àwọn onímọ̀ Faransé méjì, Charles Richet àti Paul Portier, bá Albert Kìíní, Ọmọọba Monaco, rìn lórí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Oró ẹ̀dá òkun kan tó ń ta ènìyàn ni wọ́n ń wádìí. Nígbà tí wọ́n padà sílé, wọ́n fún àwọn ajá ní oró ẹ̀dá òkun mìíràn. Ajá kan gbà á, kò ṣe é ní nǹkan kan tó le. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n tún fún un ní díẹ̀. Kí wákàtí kan tó pé, ajá náà ti kú. Ẹnu yà wọ́n. Wọ́n rò pé ara á ti mọ́ ọn lára, àṣé ara ti ń dúró dè é. Richet gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ yìí ní ọdún 1913.

Ẹ rántí ajá yẹn bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé, “Tọ́ ọ wò díẹ̀, ká mọ̀ bóyá ó ṣì ń bá ọ jà.”

Ìyá àgbà àdúgbò kò purọ́ o. Ohun tó gbọ́ ló sọ. Àwọn dókítà pàápàá gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Omi oògùn kan wà tí wọ́n ń fà sínú iṣan kí àwòrán inú ara lè hàn kedere, áyódíìnì sì wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1975, ìwádìí kan sọ pé lára àwọn tí omi náà yọ lẹ́nu, àwọn kan wà tí ara wọn ń kọ edé àti akàn. Àwọn ènìyàn bá so ó pọ̀: áyódíìnì níhìn-ín, áyódíìnì lọ́hùn-ún. Wọn kò wò ó pé bákan náà ló rí fún àwọn tí ara wọn ń kọ àwọn oúnjẹ mìíràn. Ní ọdún 2010, àwọn dókítà méjì ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ jáde pé àròsọ lásán ni ìsopọ̀ náà. Lóòótọ́, omi oògùn yẹn lè bá ẹlòmíràn jà, ṣùgbọ́n oògùn náà lódindi ni, kì í ṣe áyódíìnì inú rẹ̀. Bétadine náà lè ta ènìyàn lára bó bá pẹ́ lójú kan láìgbẹ. Bí ó bá ti yọ yín lẹ́nu rí, ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, òmíràn wà tó lè lò.

Báwo wá ni a ṣe ń mọ ẹni tí edé ń bá jà? Àwọn kan máa ń kun áyódíìnì sí apá, wọ́n á máa wò ó bóyá á tètè parẹ́. Ìyẹn kò sọ nǹkan kan fún yín nípa edé. Dókítà máa ń kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè: kí lo jẹ, báwo ló ṣe pọ̀ tó, ìṣẹ́jú mélòó ló kọjá, kí ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ rí? Nítorí náà, ẹni tó bá lè kọ ọ́ sínú ìwé ní ọjọ́ náà gan-an ti ṣe ìdajì iṣẹ́ dókítà. Lẹ́yìn náà, ó lè kán omi edé díẹ̀ sí apá, kó fi abẹ́rẹ́ kékeré gún ibẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kó dúró fún bí ìṣẹ́jú 15. Bí ibẹ̀ bá wú tó mílímítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmì ni. Wọ́n tún lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Kò sí èyí tó dá parí ọ̀rọ̀ láàárín wọn, àfi kí wọ́n fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Nígbà mìíràn dókítà á ní kí ọmọ jẹ díẹ̀díẹ̀ lójú òun, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ adirẹnalíìnì nítòsí. Ibi tí abẹ́rẹ́ yẹn kò bá sí, a kì í tọ́ ọ wò níbẹ̀. Ilé kọ́, kíláàsì sì kọ́.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ yín, ẹ pe àgbàlagbà lójú ẹsẹ̀. Bí ara nìkan bá ń yún un, ẹ ṣì kíyè sí i. Bí ohùn rẹ̀ bá yí padà, bí èémí rẹ̀ bá ń dún fíí-fíí, bí òòyì bá ń kọ́ ọ tàbí tó ń bì léraléra, ilé ìwòsàn ti yá nìyẹn. Abẹ́rẹ́ adirẹnalíìnì ní itan ni oògùn rẹ̀. Epo pupa kọ́, wàrà kọ́, kí a ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kọ́. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀. Bí kò bá lè mí dáadáa ní ìdùbúlẹ̀, ẹ jẹ́ kó jókòó. Ẹ má jẹ́ kó dìde rìn, kódà bó ní ara òun ti yá.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin wa. Nọ́ọ̀sì pe ìyá rẹ̀ jókòó, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Iyọ̀ oní-áyódíìnì padà sínú ilé, nínú ike tó ní ìdérí, kí ooru àti ọ̀rinrin má baà jí ohun inú rẹ̀ lọ. Èròjà alédé jáde. Ní ilé-ìwé, orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri ibi ìdáná, pẹ̀lú àwòrán edé àti akàn tí wọ́n fi ìlà pupa pa rẹ́, kí ẹni tí kò mọ̀wé náà lè mọ̀. Ìyá tó ń se oúnjẹ ń bu ọbẹ̀ tirẹ̀ kó tó fi edé sí ti àwọn yòókù. Ṣíbí ìbubẹ̀ rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀, ó so okùn búlúù mọ́ ọn lọ́rùn.