Kọ́bọ̀ ni, Àbí Kóbò?

Ní ìpàdé wa tó kọjá, Akápò ń ka ìṣirò owó, ó sì pe “kóbò”. Àwọn ìyá wa tó ń ta gàrí pariwo pé, “Kọ́bọ̀ ni o! Èwo ni kóbò?” Àwọn ọ̀dọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni rédíò ṣe ń pè é. Wọ́n wá ní kí Akọ̀wé dá a fún àwọn.

Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà, láti ara copper, èyí tí í ṣe bàbà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Òyìnbó ń pe pẹ́nì wọn. P tiwọn kò rí bíi tiwa, ni àwọn baba wa bá fi b rọ́pò rẹ̀, ó di kọ́bọ̀. Àwọn Haúsá ní kwabo. Nígbà náà, pẹ́nì kan ni kọ́bọ̀ kan: mẹ́ta jẹ́ tọ́rọ́, mẹ́fà jẹ́ sísì, méjìlá sì jẹ́ ṣílè kan.

Ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, 1973, náírà dé. Ìjọba fi orúkọ kọ́bọ̀ pe owó tuntun: kọ́bọ̀ 100 ní náírà kan, èyí tó jẹ́ ṣílè 10. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ṣílè tó jẹ́ kọ́bọ̀ 12 lánàá di kọ́bọ̀ 10. Ẹni tó ń ta ọjà ní kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí kò yí iye rẹ̀ padà, ti fi owó lé ọjà láìsọ̀rọ̀.

Ó kan àwa náà. Ọmọ ẹgbẹ́ kan mú káàdì ìyá rẹ̀ ti 1971 wá. “Kọ́bọ̀ 6” ló wà níbẹ̀, kọ́bọ̀ 5 ló wà nínú ìwé wa. Ó ní a jẹ owó ìyá òun. Kì í ṣe kọ́bọ̀ kan yẹn ló dùn wá, orúkọ olè ni. Sísì ni kọ́bọ̀ mẹ́fà àtijọ́, kọ́bọ̀ tuntun márùn-ún ni sísì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ọdún ara káàdì kí ẹ tó bínú.

Kóbò ńkọ́? Ara owó ni wọ́n ti rí i. Kò sí àmì lábẹ́ o níbẹ̀, wọ́n sì kà á bí wọ́n ṣe rí i. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé létí tiwa ó fẹ́ jọ kòbókò! Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ ni ẹ̀gbọ́n. Kọ́bọ̀ ni a ó máa kọ sínú ìwé ẹgbẹ́. Akápò ti gbà, àmọ́ ó ní kóbò ló ṣì ń jáde lẹ́nu òun.