Òórùn Ọtí Ilé

Họ́ọ̀pù ni òdòdó ìtàkùn tí òyìnbó fi ń pọn bíà. Irú kan wà lára èyí tí wọ́n ń gbìn ní Hallertau, ilẹ̀ Jámánì, tí kò korò púpọ̀. Òórùn rẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Ìgbà tí omi ọtí bá kù díẹ̀ kó kúrò lórí iná ni wọ́n ń jù ú sí i, kí ooru má baà gbé òórùn náà lọ.

Ṣé ó yẹ kí apọntí Mowé, Ìbafò tàbí Ifọ̀ máa wá a kiri? Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó báálì wọ̀lú ní 1988, ọkà bàbà ni àwọn ilé iṣẹ́ ọtí yíjú sí. Àwọn onímọ̀ wa sì ti dán ewúro àti orógbó wò dípò họ́ọ̀pù. Ìkorò wà lára wọn. Òórùn họ́ọ̀pù ni kò sí.

Ṣùgbọ́n ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní òórùn tirẹ̀: àgbàdo tí a rẹ, tí ó hù, tí a sá, tí a lọ̀, tí a sè ló ti ń wá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bi àwọn ìyá àgbà léèrè kí ọgbọ́n náà tó wọlẹ̀. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.