Groundhog kì í ṣe òkété, àmọ́ ihò wọn jọra

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó kó láti ìlú ńlá lọ sí ìgbèríko Pennsylvania tàbí Ohio ló máa bá ihò gbàgàdà kan lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì yín, tí erùpẹ̀ ga lẹ́nu rẹ̀ bí òkìtì. Groundhog nìyẹn. Ó máa wù yín láti pè é ní òkété, torí ó sanra, ó sì ń gbẹ́ ilẹ̀. Ìbátan ọ̀kẹ́rẹ́ ni o. Ọ̀sán ló ń jáde jẹun. Ẹran òru ni òkété.

Igun kan ṣẹ́ẹ̀dì tiwa ti ń rì nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa rẹ̀. Bí ẹran yìí bá kó erùpẹ̀ kúrò lábẹ́ kọ́ńkéré, orí òfìfo ni kọ́ńkéré jókòó lé. Bó pẹ́ bó yá, á là.

Àwọn ọdẹ wa mọ̀ ọ́n tipẹ́: ẹni tó bá fẹ́ fín òkété léèéfín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ẹnu ihò kejì. Groundhog náà ní tirẹ̀. Èyí kò ní òkìtì kankan, torí láti inú ló ti gbẹ́ ẹ jáde. Ẹ wá a nínú koríko dáadáa.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo rún ìwé ìròyìn, mo fi dí gbogbo ẹnu ihò, mi ò sì kì í le. Bí ẹran bá wà nílé, á tì í síta. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá tí ìwé ò yẹ̀, ilé ti ṣófo. (Àwa tó ń kọ kóòdù fẹ́ràn irú ìdánwò báyìí.) Kò wúlò nígbà òtútù ṣá. Oorun oṣù mélòó kan ni groundhog ń sùn nígbà náà, ọkàn rẹ̀ sì lè má lù tó ìgbà 10 ní ìṣẹ́jú kan. Ìwé yín ò ní yẹ̀, ẹran á sì wà nísàlẹ̀.

Ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, ẹ má dí ihò rárá! Àwọn ọmọ wà nínú. Ẹ máa sin wọ́n láàyè ni. Ẹ dúró di ìparí oṣù keje. Bí àgbà bá ṣì wà nínú, ilẹ̀kùn kan wà tó ń jẹ́ kó jáde, tí kò ní jẹ́ kó padà wọlé.

Tó bá ti ṣófo, ẹ gbẹ́ kòtò yí ṣẹ́ẹ̀dì ká, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ na àwọ̀n irin wọ inú rẹ̀, kí ẹ ṣẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ síta bíi lẹ́tà L. Ẹ̀bá ògiri gan-an ni ẹran náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá kan irin, kì í sábà ronú pé kí òun sún sẹ́yìn kí òun tó gbẹ́.

Ẹ má fi pàkúté mú un lọ tú sílẹ̀ sí igbó ẹlòmíì. Òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò gbà á, torí ó lè ní àrùn dìgbòlugi, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Gáàsì tí wọ́n ń jù sínú ihò ńkọ́? Jíjó ló ń jó. Lábẹ́ ilé onípákó, mi ò ní gbà yín níyànjú rẹ̀.