Iṣẹ́ olùdámọ̀ràn SAP: Ìwé-ẹ̀rí nìkan kọ́ ló ń sọ èèyàn di ògbógi

Bí ọkọ̀ akẹ́rù kan bá gbé ẹgbẹ̀ta àpò sìmẹ́ńtì jáde lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti awakọ̀ nìkan. Ọjà tó wà ní ilé ìkẹ́rùsí ti dín kù, gbèsè ti wọ ọrùn oníbàárà tó ra ọjà náà, owó orí ọjà tí ìjọba máa gbà ti yọjú, ẹni tó ń ṣètò iye sìmẹ́ńtì tí wọn yóò ṣe lọ́la sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àyè ti ṣófo. Láyé àtijọ́, akọ̀wé mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí sínú ìwé mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí oṣù bá parí, ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í bára mu, àríyànjiyàn yóò sì bẹ̀rẹ̀. Inú àríyànjiyàn yẹn gan-an ni olè máa ń sá pamọ́ sí.

Ètò kọ̀ǹpútà tó so ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ di ẹyọ kan, tó fi jẹ́ pé ẹnì kan yóò kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí gbogbo ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ yóò sì rí i lójú ẹsẹ̀, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ERP. Oracle ń ta tirẹ̀, Microsoft náà ń ta tirẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí orúkọ rẹ̀ rinlẹ̀ jù láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni SAP. Àwọn ará Jámánì márùn-ún tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ IBM ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1972: Hasso Plattner, Dietmar Hopp, Klaus Tschira, Hans-Werner Hector àti Claus Wellenreuther. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Walldorf ni olú ilé-iṣẹ́ náà wà. R/3, tó jáde lọ́dún 1992, ló gbé orúkọ wọn káyé. S/4HANA, tó dé lọ́dún 2015, ni wọ́n ń tà lónìí. Ní Nàìjíríà, àwọn ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì, ti sìmẹ́ńtì àti ti ọtí wà lára àwọn tó ń lò ó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ kì í ra SAP lónìí kó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lọ́la. Aṣọ tí wọn kò tíì rán ni ètò náà nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ rà á. Ẹni tí yóò wọn ara oníbàárà, tí yóò gé aṣọ náà, tí yóò sì rán an, ni olùdámọ̀ràn. Kì í ṣe dandan kó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ èdè kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń kọ ABAP, ìyẹn èdè tí wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú SAP, wà lọ́tọ̀. Iṣẹ́ ti olùdámọ̀ràn ni kó mọ bí òwò ṣe ń rìn, kó sì yan èyí tó bá òwò náà mu nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ètò tó ti wà nínú SAP tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀ka ẹ̀ka ni iṣẹ́ náà pín sí. FI ni ti ìṣirò owó, CO ni ti mímọ iye tí nǹkan ná ilé-iṣẹ́, MM ni ti rírà àti títọ́jú ọjà, SD ni ti títà, PP sì ni ti ṣíṣe ọjà jáde. Ẹ̀ka kan ṣoṣo tó láti gba gbogbo ọjọ́ ayé èèyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé gbogbo rẹ̀ lòun mọ̀ dunjú, ó sàn kí ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ tún orúkọ rẹ̀ yẹ̀ wò dáadáa.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yéni, ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀ka MM. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ ra igba táyà fún àwọn ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń ra ọjà yóò ṣí ojú ewé tí SAP ń pè ní ME21N, yóò sì kọ iye táyà àti iye owó tí wọ́n jọ ṣàdéhùn lé lórí síbẹ̀. Nígbà tí táyà bá dé, alábòójútó ilé ìkẹ́rùsí yóò kà á, yóò sì kọ ohun tó rí sínú MIGO. Ká ní ọgọ́sàn-án ló kà. Lẹ́yìn èyí ni ìwé owó yóò ti ọ̀dọ̀ oníṣòwò táyà dé, tí wọ́n sì kọ igba sínú rẹ̀. Akọ̀wé owó yóò tẹ̀ ẹ́ sínú MIRO, ètò náà yóò sì fi ìwé mẹ́ta wéra: ohun tí a ní kí wọ́n kó wá, ohun tí wọ́n kó wá, àti ohun tí wọ́n ń béèrè owó rẹ̀. Bí wọn kò bá dọ́gba, SAP yóò dí owó náà lọ́nà, kò ní í jẹ́ kó jáde títí ẹni tó láṣẹ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Owó ogún táyà tí kò bá ti lọ gbére nìyẹn.

Gbogbo èyí dùn ún gbọ́, àmọ́ ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni àwọn ìbéèrè tí olùdámọ̀ràn gbọ́dọ̀ bi ilé-iṣẹ́ kí ètò náà tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí iye owó bá fi náírà mẹ́wàá péré yàtọ̀, ṣé kí ètò náà dí i lọ́nà ni, àbí kó jẹ́ kó kọjá? Epo dísù ńkọ́? Bí oòrùn bá mú, dísù a máa fẹ̀, bí òtútù bá mú, a máa sún kì. Iye lítà tí wọ́n wọ̀n ní ibùdó epo lè má bá iye tí wọ́n wọ̀n nílé-iṣẹ́ mu, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò jí nǹkan kan. Olùdámọ̀ràn tó bá lo òfin táyà fún dísù yóò mú kí owó oníṣòwò dísù há lóṣooṣù, títí tí yóò fi ní òun kò kó dísù wá mọ́, tí ẹ̀rọ yóò sì dákẹ́. Ta ló tún láṣẹ láti tú owó tí ètò dí lọ́nà sílẹ̀? Bí ẹni tó ra ọjà bá tún ni ẹni tó gbà á wọlé, tó sì tún ni ẹni tó ń tẹ ìwé owó wọlé, a jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ti fi owó ńlá ra ilẹ̀kùn irin, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn. Irú ìmọ̀ yìí kì í sí nínú ìwé ìdánwò. Ẹni tó ti jókòó ní ilé ìkẹ́rùsí rí, tó ti rí bí àwọn èèyàn ṣe ń fọgbọ́n kó ọjà jáde, ló máa ń mọ ohun tó yẹ kó béèrè.

Àṣìṣe nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe kékeré. Lọ́dún 1999, Hershey, ilé-iṣẹ́ oníṣokoléètì ní Amẹ́ríkà, gbé ètò tuntun tí SAP wà nínú rẹ̀ dìde nígbà tí ọdún Halloween, tí wọ́n ń ta ọjà jù, ti ń sún mọ́lé. Ṣokoléètì wà ní ilé ìkẹ́rùsí, àwọn oníbàárà ń béèrè, ètò náà kò sì jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wọn; ọjà tó tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là ló bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní Jámánì, níbi tí SAP gan-an ti ṣẹ̀, Lidl tó ń ta oúnjẹ fi nǹkan bí ọdún méje ṣe iṣẹ́ náà, kó tó pa á tì lọ́dún 2018. Àwọn ìwé ìròyìn ibẹ̀ sọ pé owó tó wọ̀ ọ́ tó nǹkan bí ẹgbẹ̀ta-dín-lọ́gọ́rùn-ún mílíọ̀nù yúrò. Lára ohun tó fa wàhálà náà ni pé iye tí wọ́n ra ọjà ni Lidl fi ń ṣírò ọjà tó wà nílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé iye tí wọn yóò tà á ni ètò SAP fi ń ṣírò tirẹ̀. Lidl kò fẹ́ yí ìṣe rẹ̀ padà, wọ́n sì ń gé ètò náà, wọ́n ń rán an, títí tó fi di àkísà. Àwọn ará ilé náà kò ní gbàgbé bí àwọn báńkì mélòó kan ní Nàìjíríà ṣe pààrọ̀ ètò kọ̀ǹpútà wọn ní ìparí ọdún 2024, tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kò sì rí owó wọn ná fún ọjọ́ díẹ̀. Kì í ṣe SAP ni ti àwọn báńkì, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni ìṣòro wọn.

Ta wá ni iṣẹ́ yìí yẹ? Èrò ọ̀pọ̀ òbí ni pé ọmọ tó kàwé ìmọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan ló lè ṣe é. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Oníṣirò owó tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún, tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ìdá méje àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ owó orí ọjà láti ọdún 2020, tó sì mọ ìlànà ìṣirò àgbáyé IFRS tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé lọ́dún 2012, ti fi ọ̀nà tó jìn ṣíwájú ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín gbèsè àti èrè. Ètò tí wọ́n kọ́ ní Jámánì kò mọ bí ìjọba Nàìjíríà ṣe ń gba owó orí. Ẹnì kan ló ní láti kọ́ ọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dun èèyàn ni ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta ilẹ̀ tàbí tí wọ́n ń yáwó láti fi gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà, pẹ̀lú ìlérí pé owó dọ́là ti dé. Ìlérí yẹn kì í ṣe òótọ́. Àwọn olùkọ́ kan tilẹ̀ máa ń kọ ìrírí ọdún mẹ́ta tí ọmọ náà kò ní sínú ìwé ìbéèrè-fún-iṣẹ́ fún un. Ẹ̀tàn ni, kì í sì í pẹ́ tú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń tú u: kí ló bàjẹ́ lọ́jọ́ tí ètò tí o ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, báwo lo sì ṣe tún un ṣe? Ẹni tó ṣe é rí yóò sọ ọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹni tí kò ṣe é rí yóò máa wo òkè.

Ọ̀nà tó dára jù ni kí èèyàn ti inú ilé-iṣẹ́ tó ń lo ètò náà wọlé. Bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ gbé SAP dìde, wọ́n máa ń yan òṣìṣẹ́ mélòó kan tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ka wọn dáadáa láti bá àwọn olùdámọ̀ràn ṣiṣẹ́ pọ̀. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni kì í fẹ́ gbà á, nítorí pé iṣẹ́ ń pọ̀ sí i, owó oṣù kò sì pọ̀ sí i. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ògbógi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní irú àǹfààní yìí lè fi ètò tí kì í gba owó kọ́wọ́: ERPNext láti Íńdíà àti ẹ̀yà Odoo kan láti Bẹ́ljíọ̀mù wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kó fi ọ̀kan nínú wọn ṣe ìwé fún ṣọ́ọ̀bù oògùn tàbí ilé búrẹ́dì kan ládùúgbò. Ìṣòro tí yóò bá pàdé níbẹ̀, ìkókó ìṣòro ilé-iṣẹ́ ńlá ni. SAP fúnra rẹ̀ náà ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ló ń gba owó, ó sì gbọ́dọ̀ di tuntun lọ́dọọdún kó má baà kú.

Iṣẹ́ kò tíì tán nílẹ̀. SAP ti kéde pé ìtọ́jú gbogboogbò fún ECC, ètò àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ṣì ń lò, yóò dópin ní ìparí ọdún 2027, àwọn tó bá sì fẹ́ kó tó ìparí ọdún 2030 yóò san àfikún owó. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn ilé-iṣẹ́ káàkiri àgbáyé ní láti kó ẹrù wọn kúrò nínú ilé àtijọ́ bọ́ sínú tuntun. Apá tó nira jù nínú ìkólọ yìí kì í ṣe ètò fúnra rẹ̀. Orúkọ oníṣòwò kan ṣoṣo lè wà nínú ìwé àtijọ́ lọ́nà mẹ́ta, gbèsè sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó kó yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan. Òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ìgbà ọdún, nígbà tí òwò bá dákẹ́, ni wọ́n sì máa ń yàn láti ṣe ìkólọ náà, nítorí náà olùdámọ̀ràn tó bá ń ṣe é ní ìparí ọdún kì í sábà bá ará ilé rẹ̀ jẹ ìrẹsì Kérésìmesì.