Ooru kan náà, ìnira ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ohun tó yẹ kí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ní Ìlọrin mọ̀

Ọdọọdún ni NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkíyèsí ojú-ọjọ́, máa ń kìlọ̀ nípa ooru bí oṣù kejì bá ti wọlé. Ìkìlọ̀ náà máa ń gba orí rédíò, gbogbo wa la sì ti gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́: ẹ mu omi dáadáa, ẹ yàgò fún oòrùn ọ̀sán. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù lè gbọ́ ọ kó sì gbàgbé. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Tanke lọ sí Taiwo, tàbí láti Gàá-Akanbí lọ sí Ọjà Ọba. Láti ìgbà tí ìjọba ti fòpin sí owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí lítà epo bẹntiróò kan sì gun orí 1,000 náírà kọjá ní ọ̀pọ̀ ibi ní ìparí 2024, kẹ̀kẹ́ kì í ṣe nǹkan ìṣeré fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́. Òun ló ń gbé e dé ibi oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Nínú ìkìlọ̀ ooru, iye dígírì ni etí wa máa ń gbé. Bí wọ́n bá ní 33, a ó ní ó sàn. Bí wọ́n bá ní 37, a ó ní ọ̀ràn dé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń yẹ̀. Dígírì nìkan kò tó láti sọ bí ọ̀nà ṣe máa rí lára ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wa kẹ̀kẹ́. Omi tó wà nínú afẹ́fẹ́, èyí tí ojú kò lè rí, ló ń pinnu bóyá ara á rí ọ̀nà àbáyọ tàbí kò ní rí.

Òógùn tó bá gbẹ ló ń tu ara

Iṣan ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ kì í lè lo gbogbo agbára tó ń rí nínú oúnjẹ láti fi yí táyà. Bí a bá pín agbára náà sí mẹ́rin, ìdá kan péré, tí kì í tilẹ̀ pé nígbà mìíràn, ló ń di ìrìn. Ìdá mẹ́ta yòókù di ooru nínú ara. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ níwọ̀nba, tí kò bá ẹnikẹ́ni sáré ìje, lè máa mú ooru tó bíi 350 wáàtì jáde, ìyẹn ooru gílóòbù oníná 60 wáàtì bíi mẹ́fà. Bí ooru yẹn kò bá rí ibi gbà jáde, ara á máa gbóná títí orí á fi máa fò lọ.

Ọ̀nà tí Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún un ni òógùn. Kí omi tó lè gbẹ kúrò lára, ó gbọ́dọ̀ gba ooru, ara wa ló sì ti ń gbà á. Lítà omi kan tó bá gbẹ tán lórí awọ ara máa ń kó bíi 2,400 kílójúùlù ooru lọ. Èyí já sí pé ẹni tó bá wa kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan nílò kí bí ìdajì lítà òógùn gbẹ lára rẹ̀. Òógùn tó bá ń kán sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, tó ń wọ ojú, tó ń rin ẹ̀wù gbindin, kò ṣe iṣẹ́ yẹn. Omi àti iyọ̀ ara nìkan ló kó lọ, ó fi ooru sílẹ̀.

Àwọn obìnrin amọ̀kòkò Dada ní Òkèlele, níbí ní Ìlọrin, ń fi ìmọ̀ yìí ṣiṣẹ́ tipẹ́tipẹ́. Àmù tí wọ́n ń mọ ní ihò tíńtìntín tí omi ń gbà yọ sí ìta. Omi tó yọ yìí máa ń gbẹ, á sì kó ooru omi tó wà nínú àmù lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìgbà ọyẹ́ ni omi àmù máa ń tutù jù. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, àmù náà á tutù lóde, omi inú rẹ̀ á sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àmù kò yí padà. Afẹ́fẹ́ tó yí i ká ló ti mu omi yó.

Olùkọ́ kan láti Jigawa, Mohammed Bah Abba, fi irú ìmọ̀ kan náà gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000. Ó ti ìkòkò kékeré bọ inú ńlá, ó fi iyanrìn tútù sí àárín wọn, tòmátì àti ẹ̀fọ́ àwọn àgbẹ̀ sì ń pẹ́ níbẹ̀ láìsí iná mànàmáná. Ilẹ̀ gbígbẹ àríwá ló ti fi hàn bó ṣe wúlò tó. Ní etíkun, níbi tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi lọ́pọ̀ oṣù, irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ tu nǹkan kan. Ìlọrin wà láàárín àwọn méjèèjì: láàárín ọdún kan náà, a máa ń gbé ìgbésí ayé Jigawa, a sì máa ń gbé ti Èkó.

Tẹmómítà tí wọ́n fi aṣọ tútù wé

Àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ ní ọ̀nà kan láti wọn ohun tí mò ń sọ yìí. Wọ́n á mú tẹmómítà méjì. Wọ́n á jẹ́ kí ọ̀kan wà ní gbígbẹ, wọ́n á sì fi aṣọ tútù wé ìdí èkejì. Omi inú aṣọ náà á máa gbẹ, á máa tu tẹmómítà náà bí òógùn ṣe ń tu ara. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, èkejì á lọ sílẹ̀ gan-an. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kún fún omi, àwọn méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Iye tí tẹmómítà aláṣọ yìí bá sọ ni wọ́n ń pè ní wet-bulb.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀sán méjì wé ara wọn. Dígírì 33 ni rédíò pe méjèèjì. Èkíní bọ́ sí ìgbà ọyẹ́, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì jẹ́ ìdá 20 nínú 100: wet-bulb rẹ̀ á jẹ́ bíi 18. Èkejì bọ́ sí ẹ̀yìn òjò àkọ́rọ̀ inú oṣù kẹrin, ọ̀rinrin náà sì jẹ́ ìdá 60: wet-bulb rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27. Dígírì mẹ́sàn-án ló wà láàárín wọn. Ẹni tó gun òkè kan náà ní ọ̀sán méjèèjì á rò pé òun ń ṣàìsàn ní ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ le. Afẹ́fẹ́ ni kò gba òógùn rẹ̀ mọ́.

Ní 2010, àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ méjì, Steven Sherwood àti Matthew Huber, kọ̀wé pé bí wet-bulb bá dé 35, kò sí ènìyàn tí ara rẹ̀ lè gbà á fún wákàtí púpọ̀, kódà bó jókòó sábẹ́ ibòji. Ní 2022, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Pennsylvania State ní Amẹ́ríkà dán an wò lára àwọn ọ̀dọ́ tó lera, wọ́n sì rí i pé láti bíi 31 ni ara wọn kò ti lè tu ara rẹ̀ mọ́. Inú yàrá ni wọ́n ti ṣe é, iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n sì fún wọn ṣe. Kò sí ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ gun òkè lábẹ́ oòrùn nínú wọn. Òótọ́ ni pé ara tó bá ti wà nínú ooru fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì máa ń kọ́ láti tètè làágùn, kó sì dín iyọ̀ inú òógùn náà kù. Èrò tèmi ni pé ara ọmọ Ìlọrin lè gba jù ti àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn lọ, ṣùgbọ́n n kò ní fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni ta tẹ́tẹ́ lórí èrò yẹn, nítorí iṣẹ́ tí kẹ̀kẹ́ ń béèrè pọ̀ ju èyí tí wọ́n fi dán wọn wò lọ.

Ààlà tó ń kọjá lókè orí wa

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń jìjàdù sánmà Ìlọrin. Ọ̀kan ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ láti àríwá-ìlà-oòrùn, ó gbẹ, ó sì ru eruku: òun ni ọyẹ́. Èkejì ń ti òkun Àtìláńtíìkì bọ̀ láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, ó kún fún omi. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ITD. Bí oṣù kẹjọ bá dé, ààlà yìí á ti gòkè dé nǹkan bí ìwọ̀n 20 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nínú Sàhárà. Bí oṣù kìíní bá dé, á ti sún mọ́ etíkun. Ìlọrin wà ní ìwọ̀n 8.5, nítorí náà ó di dandan kí ààlà náà kọjá lórí wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Kì í kọjá lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ti ilẹ̀kùn. Láàárín oṣù kejì sí ìkẹta, ó lè wọlé lónìí, kó padà sẹ́yìn lọ́la. Ìdí nìyí tí ètè á fi máa bó láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí ẹ̀wù á sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ dígírì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àsìkò yìí ni mo kà sí èyí tó le jù fún ẹlẹ́kẹ̀kẹ́, nítorí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn kò tíì lọ, omi òkun sì ti ń dé.

A rí irú rẹ̀ ní oṣù kejì 2024, ní àwọn ọjọ́ tí Super Eagles gbá àṣekágbá Ife Áfíríkà ní Abidjan, nígbà tí ooru olómi bo gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Àwọn onímọ̀ World Weather Attribution ṣàyẹ̀wò rẹ̀, wọ́n sì sọ pé àyípadà ojú-ọjọ́ tí ọwọ́ ènìyàn fà ti fi bíi dígírì mẹ́rin kún ooru tí ara ń mọ̀, ó sì ti mú kí irú rẹ̀ rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Atẹ́gùn ẹ̀yìn, òjò ìlà-oòrùn

Kẹ̀kẹ́ ní oore kan tí ẹlẹ́sẹ̀ kò ní: ó ń dá atẹ́gùn tirẹ̀ sílẹ̀. Atẹ́gùn yìí ń gbá afẹ́fẹ́ olómi tó dúró sára awọ kúrò, ó sì ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyí tí òógùn fi máa ń bo ènìyàn nígbà tó bá dúró ní oríta nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ara ti ń làágùn tẹ́lẹ̀. Atẹ́gùn tó ń gbẹ ẹ́ ló dáwọ́ dúró. Bákan náà ni atẹ́gùn tó bá ń ti ènìyàn lẹ́yìn: ó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ń dín èyí tó ń fẹ́ lu ara kù. Ní àsìkò òjò, ẹni tó ń ti Póòsì Ọ́fíìsì padà sí Tanke níròlẹ́ máa ń wà nínú ipò yìí.

Òjò ìjì oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ní àṣà tirẹ̀. Atẹ́gùn ilẹ̀ lè máa ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn fẹ́, síbẹ̀ ìlà-oòrùn ni ìjì náà ti ń bọ̀, nítorí atẹ́gùn tó wà lókè réré ló ń darí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun á dé ilé, ìlà-oòrùn ni kó wò. Atẹ́gùn tútù tó máa ń ṣáájú òjò náà tún jẹ́ iṣẹ́ gbígbẹ omi: ẹ̀kán òjò ń gbẹ bó ṣe ń bọ̀ nínú afẹ́fẹ́ tó ṣì gbẹ, ó ń tu afẹ́fẹ́ náà, afẹ́fẹ́ tútù wúwo, á já wálẹ̀, á sì tú ká pẹ̀lú agbára. Ó lè gbé kẹ̀kẹ́ sọ sí ojú ọ̀nà ọkọ̀. Bí ààrá bá ti sán, kí ènìyàn wọ inú ilé, kó má gbára lé rọ́bà táyà, kó sì dúró fún 30 ìṣẹ́jú lẹ́yìn èyí tó sán kẹ́yìn.

Ọyẹ́ kò tíì jàre

Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ mi dé ibí lè rò pé ìgbà ọyẹ́ ló dára jù fún kẹ̀kẹ́. Ní ti ooru, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òógùn tó ń gbẹ kíákíá máa ń fara pamọ́, òùngbẹ kì í sì í tètè pe ènìyàn, nítorí náà omi á tán lára láìfura. Eruku tún wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá, ìsàlẹ̀ adágún ayébáyé kan tó ti gbẹ, níbi tí atẹ́gùn ti ń gba àárín òkè Tibesti àti Ennedi kọjá pẹ̀lú ipá. Láti 1998 ni ẹ̀rọ kan nínú àwọn ibùdó AERONET tó wà káàkiri ayé ti wà ní Yunifásítì Ìlọrin, tó ń wọn bí eruku àti èéfín ṣe ń dí ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ìlú wa sì wà lára ibi tí sánmà ti máa ń dí jù nínú àwọn ibùdó náà.

Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ń mí ju ẹni tó jókòó lọ. Ìwádìí kan tí Marko Tainio àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2016 ṣírò rẹ̀ pé níbi tí eruku kíkúnná PM2.5 bá ti tó 100 máíkírógíráàmù nínú mítà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́ kan, ewu rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í borí àǹfààní kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn wákàtí kan ààbọ̀ lóòjọ́. Ìpíndọ́gba ọdún ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ ọyẹ́ mélòó kan, èéfín ìlú ni wọ́n sì ní lọ́kàn ju iyanrìn aṣálẹ̀ lọ. Bó ti wù kó rí, mo gbà pé ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ kò ju ìdajì wákàtí lọ ṣì ń jèrè, àfi bó bá ní ikọ́ fée tàbí ní ọjọ́ tí kò rí òpin títì nítorí eruku.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò nira. Kí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò tó ń ka ìkìlọ̀ NiMet máa ka iye ọ̀rinrin pọ̀ mọ́ iye dígírì. Kí àwọn tó ń la títì tuntun ní Kwara gbin igi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí inú àpótí tó ní ibòji ni tẹmómítà máa ń wà, oòrùn tó ń lu orí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ kò sì sí nínú iye tó ń sọ. Kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ sì jẹ́ kí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ tètè dé kó tètè lọ láàárín oṣù kejì sí ìkẹrin, kó sì fún un ní ibi tó ti lè fi omi ṣan ara. Nǹkan mẹ́ta yìí lè gba ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn láti dé ibi iṣẹ́ lọ́wọ́ ooru tí dígírì kò sọ.