Alamanda: Òdòdó Tó Ń Bu Ẹwà Kún Ilé, Ṣùgbọ́n Ẹ Má Fi Ṣe Àgbo

Bí ẹ bá ń kọjá ní àwọn àdúgbò kan n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó, ẹ máa rí òdòdó pupa rúsúrúsú kan tó yọrí sí ìta lórí ògiri, tí ẹnu rẹ̀ là bí ẹnu kàkàkí. Alamanda ni wọ́n ń pè é. Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí ilẹ̀ Bràsíl wà, ló ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n oòrùn àti òjò tiwa náà bá a lára mu dáadáa. Ó yẹ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì mọ ewu tó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

BÍ Ẹ ṢE MÁA GBÌN ÍN

Ẹ̀ka ni wọ́n sábà máa ń gé gbìn. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló dára jù. Ẹ gé ẹ̀ka tí kò rọ̀ jù, tí kò sì tíì le bí igi, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù. Oje funfun máa jáde lójú ibi tí ẹ gé. Ẹ fi omi ṣàn án títí tó fi máa dá. Ẹ wá rì í sínú ìkòkò tí ẹ ti po iyẹ̀pẹ̀ àti yanrìn pọ̀ sí, kí ẹ gbé e síbi tó ní ìbòòji, kí ẹ sì máa wọ́n omi sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 8, ó yẹ kó ti ta gbòǹgbò.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ̀ ọ́ sílẹ̀, ẹ wá ibi tí oòrùn ti ń pa á fún wákàtí 6 ó kéré tán lójúmọ́, tí omi kì í sì í dúró sí. Bó bá wà lábẹ́ ìbòòji, ewé lásán lẹ máa rí.

Alamanda kò lọ́wọ́ tó fi ń di nǹkan mú bíi ti ejìnrìn, kì í sì í lọ́ mọ́ igi bíi ti iṣu. Ẹ̀yin lẹ máa fi okùn tó rọ̀ so ó mọ́ wáyà tàbí igi. Ẹ má so ó le jù, kí okùn má baà gé e lára.

OMI, AJÍLẸ̀ ÀTI GÍGÉ

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ bomi rin ín dáadáa lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Tinú ìkòkò máa ń tètè gbẹ, ẹ máa fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ má da ìgbẹ́ adìẹ sí i lápọ̀jù, torí ewé ló máa fi ṣe, kò ní í yọ òdòdó.

Orí ẹ̀ka tuntun ni òdòdó rẹ̀ ti ń yọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ gé e kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí oṣù kejì sí ìkẹta ọdún. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ alápá gígùn, nítorí oje yẹn lè mú kí ara máa yúnni tàbí kó sú. Ẹ má fọwọ́ ọ̀hún nujú. Ẹ má da ẹ̀ka tí ẹ gé síbi tí ewúrẹ́ ti máa rí i jẹ.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ OJE NÁÀ?

Ẹbí kan náà ni Alamanda pẹ̀lú asofẹ́yẹjẹ àti ahùn, ẹ sì mọ̀ pé wọ́n kì í fi àwọn yẹn ṣeré. Lọ́dún 1771, Carl Linnaeus, onímọ̀ nípa ewéko ará Sweden, sọ ọ́ ní Allamanda cathartica. Ohun tó ń mú kéèyàn yàgbẹ́ ni orúkọ kejì yẹn ń tọ́ka sí. Lóòótọ́, àwọn kan ti lò ó láti fi fọ inú. Ṣùgbọ́n bó bá ti pọ̀ díẹ̀, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló máa dá sílẹ̀. Omi ara ọmọdé kì í sì í pẹ́ gbẹ tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ sè é mu, ẹ má dá a lóhùn.

Bí ọmọ bá jẹ ẹ́, ẹ yọ èyí tó kù lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ fi omi fọ ẹnu náà. Ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Ẹ má sì rọ epo pupa sí i lẹ́nu, torí epo lè gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá, kí ẹ já ẹ̀ka kan dání kí dókítà lè mọ ohun tó jẹ.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìbátan rẹ̀ kan tí òdòdó tirẹ̀ náà pupa rúsúrúsú. Ewé ìyẹn gùn tín-ín-rín, ó ń dá dúró bí igi, ó sì ń so èso tútù tí kóró líle wà nínú rẹ̀. Kóró yẹn lè dá ọkàn èèyàn dúró.

Nítorí náà, bí ọmọ tó ń rá bá wà nílé yín, ẹ gbin Alamanda sí ìta ògiri tàbí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó. Kí ẹ sì sọ fún àwọn àgbà ọmọ pé ojú ni wọ́n fi ń gbádùn òdòdó yìí, kì í ṣe ẹnu.