Ìgbà Tí Ó Yẹ Kí A Rẹ́ Ẹ̀ka Igi Oúnjẹ Ẹran

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti gbogbo ìjọ mọ́sálásí, ẹni tí ó bá ń sin àgbò tàbí ewúrẹ́ mọ ìyà oṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún. Koríko ti gbẹ, ẹran ń ké, igi àgúnmániyè tí a gbìn sọ́gbà sì dúró lásán láìní ewé lórí. Kí ni ó fà á?

Ilẹ̀ Mẹ́síkò àti agbègbè rẹ̀ ni igi yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Gliricidia, ti wá. Ní àwọn ọdún 1980, àjọ ILCA fi ṣe ìwádìí oúnjẹ ewúrẹ́ àti àgùntàn ní Ìbàdàn. Bí a kò bá rẹ́ ẹ, ewé rẹ̀ a gbó. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a wọ́wé, a sì yọ òdòdó. Ṣùgbọ́n bí a bá rẹ́ ẹ nígbà tí òjò ń lọ sópin, láti àárín oṣù kẹsàn-án sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá níhà ọ̀dọ̀ wa, omi ṣì wà nínú ilẹ̀. Ẹ̀ka tuntun yóò rú, ewé ọ̀dọ́ kì í sì í tètè wọ́.

Àṣìṣe tí àwa náà ti ṣe rí ni pé a dúró di oṣù kìíní kí a tó gbé àdá. Oúnjẹ tí igi tọ́jú sínú ìtí àti gbòǹgbò ni ó fi ń rú padà. Bí a bá gé gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, yóò ná ìpamọ́ náà, kò sì ní rí omi tí yóò fi dá a padà. Bí a bá tún gé e lẹ́ẹ̀kan sí i, ó lè kú.

Nítorí náà:
1. Kí igi tó ọdún kan kí a tó kọ́kọ́ rẹ́ ẹ.
2. Kí àdá mú, kí a sì fi ìtí tí ó tó mítà kan sílẹ̀.
3. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí a máa já ewé díẹ̀díẹ̀ láti orí igi kan sí òmíràn. Kí òjò tó fìdí múlẹ̀, kí a má ṣe rẹ́ ẹ ní àrẹ́tán.
4. Bí ẹran bá kọ òórùn ewé náà, kí a sá a sí ibòji kí ó rọ, kí a sì fi èèpo iṣu tàbí koríko kún un.

Ọdún òṣùpá fi bí ọjọ́ 11 kéré sí ọdún oòrùn. Iléyá tí ó ń bọ́ sí ìgbà òjò báyìí ń padà sínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ọdún 2035, oṣù kejì ni yóò bọ́ sí. Ẹni tí yóò bọ́ àgbò yó nígbà náà, inú òjò ni yóò ti mú àdá. Kí Ọlọ́run fún wa ní òye.